Star BM tí wọn ò ṣe mọ́, àbí 1911 tí gbogbo ayé ń ṣe: èwo ni kí n rà?

ỌmọOwé_Houston

Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o.

Kàbà ni mo wà báyìí. Mo wálé wá sin ìyá àgbà wa, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mo máa padà. Wọ́n ti mú iná lọ láti àárọ̀, jẹnẹrétọ̀ ilé ń wúkọ́ bí arúgbó, mo wá jókòó sábẹ́ igi máńgòrò pẹ̀lú fóònù mi. Ọ̀rọ̀ kan tí mo gbé wá láti ọ̀hún ń jẹ mí lọ́kàn.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní Houston fẹ́ ta ìbọn ìléwọ́ fún mi. Star BM lorúkọ rẹ̀, ará Sípéènì ni, irú èyí tí àwọn agbófinró Guardia Civil lò. Ọta 9mm ló ń jẹ, mẹ́jọ ló ń wọ magasíìnì rẹ̀ (àpótí ọta tó ń wọ inú ìdìmú), irin ni látòkè délẹ̀. Dọ́là 280 ló ní kí n mú wá. Ẹni tó bá rí i lókèèrè á ní 1911 ni, ìbọn ìléwọ́ àwọn ológun Amẹ́ríkà àtijọ́, wọ́n jọra bí ìbejì. Àmọ́ ilé iṣẹ́ Bonifacio Echeverría tó ń ṣe é ní ìlú Eibar ti kógbá sílé láti 1997.

Èkejì ni 1911 gan-an, tuntun, èyí tí wọ́n ṣe fún ọta 9mm. Owó rẹ̀ ní ilé ìtajà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti Star yẹn.

Mi ò fẹ́ fi ṣọdẹ, mi ò fẹ́ máa gbé e rìn. Sátidé méjì lóṣù ni mo ń lọ yìnbọn ní pápá, ọta bí 200 lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà ó di inú àpótí irin. Mo ti di ọmọ onílùú lọ́hùn-ún, ìwé mi pé. Ọ̀kan ṣoṣo ni ìyàwó mi fọwọ́ sí. Èwo ni kí n mú?

Alábòójútó

Ẹ kú ìsìnkú o, ẹ̀yìn ìyá á dára.

Kí ọ̀rọ̀ tó gùn, mo fẹ́ kí gbogbo wa rántí ibi tí a wà. Ní Nàìjíríà níbí, òfin ìbọn ti 1959 ka ìbọn ìléwọ́ mọ́ ohun èèwọ̀. Ààrẹ orílẹ̀-èdè nìkan ló lè fún èèyàn níwèé àṣẹ rẹ̀. Kódà ìbọn ìléwọ́ ayé àtijọ́ tó ń fi òkúta ṣáná wà nínú òfin yẹn, ẹ má rò pé nítorí ó ti gbó ni wọ́n á ṣe fojú fò ó. Ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò dín ní ọdún 10.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà là ń sọ. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tà níbí, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ rà níbí. Ó yá, ẹ máa bọ̀.

Ọdẹ_Mọ́pà

Ọmọ Owé, ẹ kú ìnáwó.

Ṣakabùlà ni èmi mọ̀ (ìwé rẹ̀ wà nínú àpò mi, Alábòójútó, ẹ má wo ojú mi). Bàbá mi ló fi sílẹ̀ fún mi. Ìdí rẹ̀ kán nígbà kan, gbẹ́nàgbẹ́nà gbẹ́ òmíràn sí i. Hámà rẹ̀ jẹ, alágbẹ̀dẹ rọ ọ́ ní ọjọ́ kan, iṣu mẹ́ta ni mo fi sanwó. Kí ló kàn mí bóyá wọ́n ṣì ń ṣe é níbì kan tàbí wọn ò ṣe é mọ́?

Ra èyí tí owó rẹ̀ kéré, kí o fi owó tó kù ra ọta. Ẹni tó ní ìbọn tí kò ní etù, igi ló gbé dání.

Ajagunfẹ̀yìntì_Ìsánlú

Àbúrò mi ọdẹ, o ti dá ọmọ náà lóhùn, ìwọ fúnra rẹ ni o ò gbọ́ ohun tí o sọ. Alágbẹ̀dẹ! Òun ló ń gbé ṣakabùlà ró. Ìbọn tí èèyàn ń ki etù sí lẹ́nu, ẹ̀yà ara rẹ̀ kò pọ̀, ẹni tó bá ní ẹwìrì àti owú lè tún un ṣe. Ìbọn ìléwọ́ tó ń ki ara rẹ̀ yàtọ̀. Bí o bá ti yìn ín, irin orí rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní slide á sún sẹ́yìn, ìkọ́ kan á fa èèpo ọta jáde, irin kékeré kan á ta á síta, sípíríìǹgì á ti slide padà, ọta mìíràn á wọlé. Kí o tó ṣẹ́jú, ó ti parí. Bí ìkọ́ yẹn bá fi díẹ̀ jẹ lẹ́nu, èèpo á há sínú. Mi ò tíì rí ẹwìrì tó lè wo ìyẹn sàn.

Ọdún 22 ni mo fi tún ìbọn ṣe lẹ́nu iṣẹ́ ológun. Ohun tí ojú mi rí ni pé bárẹ́ẹ̀lì kì í tètè kú, ara ìbọn kì í tètè kú. Àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ ló ń pa á: sípíríìǹgì, pin tó ń gún ìdí ọta, ìkọ́ yẹn, àti magasíìnì. Magasíìnì burú ju gbogbo wọn lọ. Ọ̀pọ̀ ìgbà tí ọ̀gá kan bá fi ìbínú sọ ìbọn sórí tábìlì mi pé ó ń há, màá gba magasíìnì lọ́wọ́ rẹ̀, màá fún un ní òmíràn, á yin mẹ́tàlá láìdúró, á lọ láìdúpẹ́.

Ìbéèrè tí màá bi ọ̀rẹ́ rẹ nìyí: ta ló ń ṣe magasíìnì Star BM lónìí? Ta ló ń ṣe pin rẹ̀? Bí ó bá ní "mo máa ń rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì", ó túmọ̀ sí pé ara òkú ìbọn mìíràn ni wọ́n ti tú u. Ìyẹn ò burú. Ṣùgbọ́n òkú kì í bímọ, ọjọ́ kan ló máa tán.

Ọ̀rọ̀ ìbejì tí o sọ, ojú nìkan ni. 1911 ní séfítì kan lẹ́yìn ìdìmú tí àtẹ́lẹwọ́ máa ń tẹ̀ kí ó tó lè yìn. Star BM kò ní in. Ìkọ́ tó ń fa èèpo jáde, inú slide ló sá pamọ́ sí lára 1911, ẹ̀gbẹ́ ìta ló wà lára Star. Magasíìnì èkíní kò wọ inú èkejì. Ẹni tó bá ra Star torí ó rò pé òun máa fi páàtì 1911 tún un ṣe, ó dà bí ẹni tó ń fi kọ́kọ́rọ́ aládùúgbò ṣí ilẹ̀kùn tirẹ̀.

Ọmọ_Bùnú

Glock 19. Ẹ jẹ́ ká sùn.

ỌmọOwé_Houston

@Ọmọ_Bùnú, àbúrò, mo mọ̀ pé òótọ́ lo sọ, ọkàn mi ni kò gba ìbọn oníke. 😂

Ẹ̀gbọ́n Ajagun, ẹ ṣeun gan-an, sà. Mo ti kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ mi. Ilẹ̀ ò tíì ṣú lọ́hùn-ún, ó máa fèsì.

Mẹ́káníìkì_Ẹgbẹ̀

Ọ̀rọ̀ yìí ò yàtọ̀ sí tèmi. Ẹ wo ọkọ̀ Peugeot 504. Ilé iṣẹ́ Kàdúná ti pa á tì tipẹ́tipẹ́. Síbẹ̀ bí 504 tó ń kó iṣu bá kú sí mi lọ́wọ́ lálẹ́, kí oòrùn tó yọ mo ti rí ohun tó fẹ́, bí kò bá sí ní Ẹgbẹ̀ ó wà ní Omù-Àrán, bí kò bá sí ní Omù-Àrán Ìlọrin ò jìnnà. Oníbàárà mi kan wá ra ọkọ̀ kan tó dára ju 504 lọ fíìfíì, A.C. rẹ̀ ń tutù bí ilé ẹran dídì. Sẹ́ńsọ̀ kan ṣoṣo kú lára rẹ̀. Oṣù mẹ́rin ló fi dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Adìyẹ mi pa ọmọ sábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Nítorí náà "wọn ò ṣe é mọ́" kò dẹ́rù bà mí. Èyí tí ó ń dẹ́rù bà mí ni kí ẹlòmíì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ó ní "mi ò rí irú èyí rí."

Olùkọ́_Ògìdì

Mẹ́káníìkì ti sọ ohun tó wà lọ́kàn mi, ó kù díẹ̀ kí n fi ṣe iṣẹ́ kíláàsì. Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ò fi 1911 ṣe ìbọn gbogboogbò mọ́ láti 1985, Beretta ló gba ipò rẹ̀. Tí a bá fi ojú yẹn wò ó, òun náà ti di ohun àtijọ́. Kí ló dé tí òun kò kú?

ÌyáAránṣọ_Ìyàrá

Ẹ̀yin ọkọ mi, ẹ kú àpérò. Ọ̀rọ̀ ìbọn ò kàn mí o, ọ̀rọ̀ páàtì ló pè mí jáde. Singer tí mo fi ń ránṣọ, ìyá mi ló fi sílẹ̀, ẹlẹ́sẹ̀ dúdú olódòdó wúrà. Mo ti pààrọ̀ bẹ́líìtì, ilé bọ́bìnì, abẹ́rẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún, kò sí ọjà Kàbà kan tí mo dé tí mi ò rí i. Ọmọ mi ra oníná fún mi láti Àbújá, ó ń ránṣọ fúnra rẹ̀, ó ń ṣe òdòdó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Ẹsẹ̀ náà, ìka kékeré ọmọdé ló tó. Kò sí. Mo ti fi aṣọ bò ó báyìí, mò ń gbé rédíò lé e lórí.

Ajagunfẹ̀yìntì_Ìsánlú

Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ọ̀rọ̀ ìbọn ò kàn yín, ẹ sì ti wà láàárín rẹ̀ gbùngbùn. Ṣé ẹ mọ̀ pé Singer, Singer tiyín yẹn, ṣe 1911? Ẹ̀rín kọ́ o. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ìjọba Amẹ́ríkà ní kí wọ́n ṣe 500, wọ́n sì ṣe é pé. Àwọn tó ń kó ohun àtijọ́ jọ ń fi owó gọbọi wá a lónìí. Remington Rand tó ń ṣe ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ọ́fíìsì ṣe èyí tó ju 800,000 lọ. Ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe àmì ojú irin rélùwéè, Union Switch & Signal, náà ṣe tirẹ̀.

Olùkọ́, ìdáhùn rẹ nìyẹn. Wọ́n fún gbogbo wọn ní ìwọ̀n kan náà, kí slide tí alábẹ́rẹ́ ṣe lè bá ara tí onítẹ̀wé ṣe mu. Láti ìgbà náà ìbọn yẹn ti kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan. Lónìí Colt ń ṣe é, Springfield ń ṣe é, Ruger ń ṣe é, Armscor ń ṣe é ní Philippines, Tisas ń ṣe é ní Tọ́kì. Bí mẹ́ta nínú wọn bá wọgbá lọ́la, ẹni tó ní 1911 lè má gbọ́ ìròyìn rẹ̀. Star ní bàbá kan ṣoṣo. Bàbá kú ní 1997, ọmọ di òrukàn.

Wọn ò kàn fi orúkọ gbé e lárugẹ o. John Browning ló ṣe é. Nígbà tí wọ́n dán an wò ní oṣù Kẹta 1911, ọta 6,000 ni wọ́n yìn láti inú ẹyọ kan. Bó bá gbóná jù, wọ́n á rì í bọ omi, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 29 oṣù yẹn ni àwọn ológun gbà á.

StarLọ́wọ́Mi_Atlanta

Ẹ̀yin àgbà, ẹ ti fẹ́ sin Star láàyè. Ẹ dúró ná.

Ọmọ Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀ ni mí, Atlanta ni mò ń gbé, ọdún kẹsàn-án rèé tí Star BM ti wà lọ́wọ́ mi. Ẹni tó bá ti di í mú á mọ ìdí tí mo fi ń jà fún un. Ó kúrú ju 1911 lọ, ó tẹ́ sínú ọwọ́, ọwọ́ mi ò sì tóbi. Irin ni, nítorí náà ọta 9mm kì í mì ín jìgìjìgì. Owó tí mo rà á, bàtà ìyàwó mi méjì ò sí níbẹ̀. Tí mo bá gbé e dé pápá, àwọn òyìnbó tó ní ìbọn olówó ńlá á pagbo yí mi ká, "kí nìyí, jẹ́ ká wò ó." Glock ò lè ṣe ìyẹn fún ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n mi ò ní parọ́. Ní ọdún kejì mo máa ń tẹ tíríígà rẹ̀ lófìfo nínú yàrá, láìsí ọta, kí ọwọ́ mi lè gún. Gbogbo èèyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìbọn ìgbàlódé. Wọn ò sọ fún mi pé Star kì í fẹ́ ẹ. Pin rẹ̀ kán. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi wá òmíràn. Nígbà tí mo rí i, mẹ́ta ni mo rà lẹ́ẹ̀kan. Magasíìnì márùn-ún ni mo ní báyìí, ibi tí mo ti rí wọn, mi ò ní sọ níbí, kí ẹ má lọ rà wọ́n tán.

Ọdẹ_Mọ́pà

@StarLọ́wọ́Mi_Atlanta, o ń to páàtì pamọ́ bí ẹni ń to ẹran gbígbẹ de ẹ̀ẹ̀rùn. Mo fara mọ́ ọ.

Ajagunfẹ̀yìntì_Ìsánlú

Àbúrò mi Atlanta, o sọ òtítọ́, mo bọ̀wọ̀ fún ọ. Ọta mélòó lò ń yìn lọ́dún?

StarLọ́wọ́Mi_Atlanta

Sà, bí 300. Ọdún tó bá dára gan-an, 400.

Ajagunfẹ̀yìntì_Ìsánlú

Ó tán. Ìyàtọ̀ yín nìyẹn. Ọmọ Owé ní 200 lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù. Ẹ ṣírò rẹ̀: 4,800 lọ́dún. Ohun tí ìwọ ń yìn ní ọdún méjìlá, bí gbogbo wọn bá tilẹ̀ dára gan-an, ni òun fẹ́ yìn ní ọdún kan. Sípíríìǹgì tó ń ti slide padà, òun á máa pààrọ̀ rẹ̀ lóòrèkóòrè bí ẹni ń pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Star rẹ jẹ́ ìyá arúgbó tó ń jáde lọ́jọ́ ọdún nìkan. Ẹnì kan fẹ́ mú irú rẹ̀ lọ pọn omi lójoojúmọ́.

Àti ìwọ, ọdẹ: owó tó máa kù tí ó máa fi ra ọta tí o sọ, ọta 4,800 yẹn, owó rẹ̀ á ju ti ìbọn méjèèjì lápapọ̀ lọ. Dọ́là 280 tí a ń bá ara wa jà lé lórí, kò pẹ́ tí ó máa bọ́ sínú agbọ̀n èèpo ọta.

Olùkọ́_Ògìdì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò dárúkọ ìbọn Browning tí àwọn ológun wa ń lò? Òun ni mo máa ń rí ní ìbàdí wọn nígbà èwe mi.

Ajagunfẹ̀yìntì_Ìsánlú

Olùkọ́, o fẹ́ kí n sunkún.

Browning Hi-Power ni. Browning kan náà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó kú ní Bẹ́ljíọ̀mù ní 1926 kí ó tó parí, Dieudonné Saive ló bá a ṣe é yọrí, ó jáde ní 1935. Ọta 13 nínú magasíìnì, nígbà tí 1911 ń gbé méje! Nígbà ogun, ilé iṣẹ́ Inglis ṣe é ní Kánádà. Àwa náà ṣe é: ilé iṣẹ́ DICON ní Kàdúná, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1964, NP1 ni wọ́n sọ ọ́. Lára NP1 ni mo ti kọ́ iṣẹ́. Mo lè tú u nínú òkùnkùn, mo sì ti tú u nínú òkùnkùn, torí iná. (Ọ̀rọ̀ iná Kàbà yẹn, kò bẹ̀rẹ̀ lónìí.)

Ó ní àléébù tirẹ̀. Séfítì ti àtijọ́ kéré bí èékánná. Hámà rẹ̀ máa ń bu ẹran àtàǹpàkò ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá sanra. Wọ́n tún fi nǹkan kan sí i tí kò ní jẹ́ kí ó yìn bí magasíìnì ò bá sí nínú rẹ̀, nǹkan náà ló ń mú tíríígà wúwo.

FN, ilé iṣẹ́ Bẹ́ljíọ̀mù tó ń ṣe é, pa á tì ní 2018. Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ní 2021 Springfield gbé SA-35 jáde, ọ̀pọ̀ páàtì àtijọ́ ló bá a mu. Girsan ní Tọ́kì ṣe MCP35. FN fúnra wọn padà ní 2022 pẹ̀lú èyí tí wọ́n pè ní High Power, ọta 17, ó rẹwà, ṣùgbọ́n magasíìnì àtijọ́ kò wọ inú rẹ̀, páàtì àtijọ́ kò bá a mu. Ẹ rí i pé bàbá tó bí i padà wálé, kò mọ ọmọ rẹ̀ mọ́, àwọn ará àdúgbò ló tọ́ ọ dàgbà.

Bí ọmọ Owé bá ní ẹni tó fẹ́ ta Hi-Power tí wọn ò ṣe mọ́ fún òun, màá ní sáré. Star ni wọ́n fẹ́ tà fún un. Kò sí aládùúgbò tó gba ìyẹn tọ́.

Mẹ́káníìkì_Ẹgbẹ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti ń yin 1911 láti àárọ̀. Kò sí ọkọ̀ tí kò ní àrùn. Kí ni tirẹ̀?

Ajagunfẹ̀yìntì_Ìsánlú

Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n. Àrùn rẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan.

Àkọ́kọ́, ọta .45 ni wọ́n ṣe é fún, ó gùn, ó sanra. 9mm kúrú. Ẹni tó bá ra ti 9mm kò gbọdọ̀ ṣahun lórí magasíìnì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọta á máa forí gbá ibi tí kò yẹ. Ìkọ́ tó wà nínú slide yẹn, irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ sípíríìǹgì ni. Bí ó bá le jù wàhálà, bí ó bá rọ̀ jù wàhálà. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ló ń tẹ̀ ẹ́. Àti pé "gbogbo páàtì ló bá a mu" tí àwọn ènìyàn ń sọ, ìyẹn jẹ́ òótọ́ nígbà tí ìjọba ń fi ìwọ̀n nà wọ́n lórí. Lóde òní, ilé iṣẹ́ tó pọ̀ ló ń ṣe é bó ṣe wù wọ́n. Páàtì tí o rà lè gba fáìlì díẹ̀ kí ó tó jókòó. Má fi fáìlì kàn án fúnra rẹ. Gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé ẹni tó mọ̀ ọ́n wà. Ní Houston yẹn, kò sí atúnbọnṣe tí yóò rí 1911 tí yóò béèrè pé kí nìyí.

ỌmọOwé_Houston

Ọ̀rẹ́ mi ti fèsì. Ó gbé fídíò wá, nẹ́tíwọ́ọ̀kì Kàbà fi wákàtí kan gbà á wọlé.

Ìbọn náà mọ́ ju bí mo ṣe rò lọ. Díẹ̀ nínú àwọ̀ dúdú rẹ̀ ti ṣí, igi ìdìmú rẹ̀ là lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Magasíìnì méjì ló bá a wá. Ẹnu ọ̀kan ti fẹ̀ díẹ̀, mo rí i bó ṣe fi ọta kì í, ọta òkè ń mì. Mo bi í léèrè pé ta ló ń ṣe òmíràn. Ó ní, ẹ fetí sí i, "máa wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó máa ń jáde lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan." Mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi jáde wá béèrè pé kí ló dé.

Mo tún kọ̀wé sí atúnbọnṣe tó wà nítòsí ilé mi lọ́hùn-ún. Mo ní ṣé ó ń ṣiṣẹ́ lára Star. Ó ní bí mo bá mú páàtì wá òun lè bá mi fi sí i, ṣùgbọ́n òun kò ní bá mi wá páàtì, òun kò sì ní ṣe ẹ̀rí. Mo ní 1911 ńkọ́? Ó ní, "ọjọ́ wo lo fẹ́ mú un wá?"

Ajagunfẹ̀yìntì_Ìsánlú

Mi ò ní nǹkan kan láti fi kún un.

Àfi èyí: tí o bá dé ilé ìtajà, ra magasíìnì mẹ́rin lọ́jọ́ náà, má ra méjì. Kọ nọ́ńbà sí ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan, 1, 2, 3, 4. Bí ìbọn bá há, wo nọ́ńbà. Bí ó bá jẹ́ 3 ló ń há ní gbogbo ìgbà, ìbọn ò ṣẹ̀, sọ 3 nù. Má ta á fún ẹlòmíì, má fi pamọ́, sọ ọ́ nù.

ÌyáAránṣọ_Ìyàrá

Bí mo ṣe ń ṣe bọ́bìnì mi gan-an nìyẹn. Mo fi ọ̀dà pupa kun èyí tí kò dára.

ỌmọOwé_Houston

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ṣeun, màmá. 1911 ni màá mú. Inú mi ò dùn tó bó ṣe yẹ o, mi ò ní purọ́, ojú mi ṣì wà lára Star yẹn. Ó rẹwà.

StarLọ́wọ́Mi_Atlanta

Ẹ̀gbọ́n Owé, ẹ dákun. Bí ẹ ò bá rà á mọ́, ẹ bá mi bi ọ̀rẹ́ yín bóyá ó lè fi sílẹ̀ ní dọ́là 200. Nítorí magasíìnì kejì yẹn àti pin inú rẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ ẹ. Ara tó kù, màá fi pamọ́.

Ọdẹ_Mọ́pà

😂😂 Ó ti rí òkú mìíràn.

Alábòójútó

Kí ni mo sọ ní ìbẹ̀rẹ̀? Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ta, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ra níbí. Atlanta, Georgia lo wà, Texas ni ìbọn náà wà. Òfin Amẹ́ríkà ò gbà kí ẹ ta á fún ara yín láti ìpínlẹ̀ kan sí èkejì láìgba ọwọ́ ọlọ́jà tó ní ìwé àṣẹ. Ẹ lọ bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́hùn-ún. Mo ti ti ilẹ̀kùn ọ̀rọ̀ yìí.